Ẹni Tó Ti Wọ Ọkọ̀, A Kì Í Pè É Padà

Etí Ọ̀sà, lọ́nà Ìwòro,
Àgbádárìgì.
Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi.

Sẹ̀nàmi, ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Inú kíláàsì ni mo wà. Mo ní kí àwọn ọmọ máa ya àwòrán ohunkóhun tó bá wù wọ́n, mo jókòó, mo sì kà á. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ya ẹja, ọ̀kan ya ṣọ́jà, ọ̀kan sì ya èmi fúnra mi pẹ̀lú ojú tó wú. Mo fún un ní máàkì, nítorí ó ya ohun tó rí.

Ó wù mí kí n fèsì lójú ẹsẹ̀. Èsì náà ì bá sì kúrú: "Máa bọ̀, ọmọ mi." Torí pé ó yá mi lára jù ni n kò ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti dúró títí di òní, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá Àgbà ti jẹun, wọ́n sì ń rẹjú lórí ẹní wọn. Jẹ́ kí n wá bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

O ní ọyẹ́ ilẹ̀ Hausa ti la ètè rẹ. O ní oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ kò tó nǹkan, omi kì í yọ, ìwé tí wọ́n ní kí ẹ rà kò sí lórí igbá. O ní àwọn ọmọkùnrin kíláàsì yín ń fi ẹ̀yin obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ni yóò bá yín di màlúù mú. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà ni kò jẹ́ kí n sùn. O ní o ti rò ó, pé kí o fi ẹ̀kọ́ ìwòsàn ẹran yìí sílẹ̀, kí o padà wálé wá wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà nítòsí wa, kí èmi àti Màmá Àgbà má baà dá wà. O ní bí mo bá ti lè sọ pé kí o máa bọ̀, o ti di ẹrù rẹ.

Kí n tó di olùkọ́ sí ọ lọ́rùn, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́ ìyá. Àárò rẹ ń sọ mí, Sẹ̀nàmi. Ó ń sọ mí nígbà tí mo bá ń tẹ ẹ̀bà, torí ọwọ́ mi kò tíì mọ ìwọ̀n ẹni méjì, ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ ti ẹni mẹ́ta. Ó ń sọ mí bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, tí mo bá gbọ́ ohùn ọmọbìnrin kan tó ń jà lórí ẹrù. Ewúrẹ́ dúdú tí o di ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó kán ṣì ń wá síwájú yàrá rẹ láràárọ̀, á dúró, á máa wo ilẹ̀kùn. Èmi náà á dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwa méjèèjì á jọ máa wò ó. Gèlè mi tó dára jù lo fi di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ yẹn o, n kò tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fẹ́ gèlè, òmíràn wà níbẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe rò pé ìyá rẹ kò fẹ́ rí ọ ló jẹ́ kí n kọ ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

O mọ àṣà etí omi wa. Ẹni tó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí wọ́n ti fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò ní èbúté, a kì í pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Bí ó bá gbàgbé nǹkan, ó gbàgbé nìyẹn, ẹlòmíràn á mú un bọ̀. Àwọn tó sin ín wá á kàn máa juwọ́, ẹnu wọn á dákẹ́. Ìwọ gan-an ti bú mi rí nítorí àṣà yìí, o ní a dà bí ẹni tí ń bínú sí ara wa. Bóyá ó dà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n atukọ̀ tí wọ́n bá pe èrò rẹ̀ padà kò ní gbé èrò náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bí o tilẹ̀ san owó ìlọ́po méjì fún un. Àmì ewu ni ìpè náà lójú rẹ̀, ẹ̀rù omi ń bà á, o kò sì lè dá a lẹ́bi, torí òun ló mọ iye ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí omi ti gbé lọ.

Ìgbà tí mo kéré sí ọ, ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àyè kan ṣoṣo fún ọmọbìnrin láti àwọn abúlé etí ọ̀sà, láti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn obìnrin ní òkè lọ́hùn-ún. A ṣe ìdánwò, èmi ni mo yege. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà. Kì í ṣe pé mo kàn ń fẹnu sọ ọ́, mo ti wéwèé rẹ̀ bí àgbàlagbà. Mo ti mọ iye ọdún tí màá lò ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, mo ti mọ ibi tí màá ti kọ́ iṣẹ́, mo tilẹ̀ ti mọ ilé tí màá gbà sí létí ọjà Àgbádárìgì tí mo bá dé. Àwọn ọmọdé abúlé ni mò ń gún lábẹ́rẹ́ ẹ̀gún ọsàn, tí wọ́n fi ń sá fún mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo máa lọ, katikíìsì wa ti ń dúró de àwa ọmọ tí wọ́n yàn nílùú, níbi tí lọ́rì máa ti gbé wa. Mo wọ ọkọ̀. Atukọ̀ ti fi ọ̀pá tì wá kúrò. Mo gbọ́ ohùn Màmá Àgbà, tí wọ́n jẹ́ màmá lásán nígbà yẹn, tí wọn kò tíì di àgbà: "Màúsí! Ovi ṣie, lẹkọ wa!" Ìwọ náà gbọ́ Gún, o mọ ohun tí wọ́n wí. Ọmọ mi, padà wá. Wọ́n gbé ìdì kan sókè, ìdì ẹja gbígbẹ àti gàrí tí mo máa jẹ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní mo gbàgbé rẹ̀.

Atukọ̀ kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó yí ọkọ̀ padà, ó gbé ẹrù mi sí iyanrìn, ó ní, "Ọmọ yìí, ó di ọjọ́ mìíràn." Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Ọkọ̀ mìíràn kò sí títí di ọjọ́ ọjà. Nígbà tí mo fi máa dé ìlú, katikíìsì ti kó àwọn tó kù lọ. Wọ́n ti gbé àyè mi fún ọmọbìnrin kan láti apá Àjídò, òun ló tẹ̀ lé mi nínú ìdánwò.

Ṣé o fẹ́ mọ ohun tí ọmọbìnrin yẹn dà? Nọ́ọ̀sì tó gbà ọ́ sọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo bí ọ ni. Inú ìrọbí ni mo wà, ojú mi kò kúrò lára fìlà funfun orí rẹ̀. Ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n. Ó ṣe mí jẹ́jẹ́, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì gbé ọ lé mi láyà. N kò bínú sí i rí. Ṣùgbọ́n nígbà tó yíjú tó ń lọ, mo sunkún, bàbá rẹ sì rò pé ayọ̀ ni.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, mo wá fẹ́ kó ohun tí mo rí níbẹ̀ fún ọ.

Èkíní, bí o bá fẹ́ yan ọ̀nà, kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ kí o mọ ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ. Ebi lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìtìjú lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìfẹ́ ìyá ẹni náà lè máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn tirẹ̀ sì dùn jù. Mo ka lẹ́tà rẹ lọ, mo kà á bọ̀, n kò rí ibi tí o ti sọ pé ẹran ti sú ọ. O ní ó tutù, o ní kò sí oúnjẹ, o ní àwa méjì dá wà. Kò sí ibì kan tí o ti wí pé, "Màámi, iṣẹ́ yìí kọ́ ni mo fẹ́." Bí ó bá wà lọ́kàn rẹ, kọ ọ́ sí mi gbangba.

Èkejì, má ṣe tìtorí ohun tó ń dán lónìí yan iṣẹ́ tí o máa ṣe di ọjọ́ alẹ́ rẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà, bí mo bá bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n fẹ́ dà, gbogbo ẹnu ló ń dáhùn pé kọ́sítọ̀ọ̀mù, torí ẹnubodè kò jìnnà sí wa, aṣọ iṣẹ́ wọn tí wọ́n lọ̀ dáadáa sì ń wọ ọmọdé lójú. Nísinsìnyí, ṣọ́jà ni gbogbo wọn fẹ́ dà. Ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tí kò tíì mọ okùn bàtà í so, ó ní òun máa di ṣọ́jà kí òun lè di gómìnà. Mo bi í pé kí ni gómìnà ń ṣe, ó ní, "Wọ́n máa ń sọ pé kí gbogbo èèyàn tò." Ó rí wa lórí ìlà ọṣẹ àti mílíìkì nílùú ni. Ìgbà ń yí. Ẹ̀kọ́ tí o fi ọdún márùn-ún kọ́ kò ní bá ohun tó ń dán nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí o fi í sí.

Ẹ̀kẹta, èyí tí a ti jọ ṣe, mo kàn ń rán ọ létí ni. Igi gógóró má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nígbà tí o wà ní fọ́ọ̀mù kẹta, tí wọ́n ní kí òbí wá sọ bóyá sáyẹ́ǹsì ni ọmọ máa ṣe tàbí áàtì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní kí o kọ́ tàìpù. Ó ní obìnrin tó bá mọ tàìpù kì í pebi, ta ni yóò sì máa gbé ewúrẹ́ lọ sí ọsibítù? Dókítà Ewúrẹ́ lo ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí dòní. Èmi kò bá a jà. Mo mú ọ lọ bá dókítà ẹran ìjọba tó wà nílùú, mo ní kó jẹ́ kí o wà lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá burú jù. Ó burú lóòótọ́. Ó ti apá bọ inú màlúù dé èjìká, màlúù náà ta á nípàá, ó yàgbẹ́ sí i lára, ó sì tún bímọ tó ti kú. Mo ti dì ọ́ lọ́wọ́ mú, mo rò pé o máa bì. O wo ọkùnrin náà, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè ti ọwọ́ mi bọ̀ ọ́ náà?" Lójú ọ̀nà ilé ni mo ti mọ̀ pé mo ti pàdánù rẹ sí ọ̀nà jíjìn. Inú mi dùn, ọkàn mi sì gbọgbẹ́.

Ọmọ tó bi ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí o bá sọ̀rọ̀ kí o tó di ẹrù. Má bá èmi sọ̀rọ̀. Bá òun sọ̀rọ̀.

Òmíràn tún nìyí, n kò mọ èwo ni mo kà dé mọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. N kò sọ pé iṣẹ́ tíṣà kò dára, òun ló bọ́ ọ, òun ló ra bàtà tí o wọ̀ lọ. Àwọn tí mo kọ́ ní A, B, D ń kí mi káàkiri láti ibí dé Kankon, ó sì ń mú orí mi wú. Ṣùgbọ́n mo wọ inú iṣẹ́ náà bí ẹni tí òjò lé wọ ilé onílé. Ó pẹ́ kó tó di ilé mi. N kò fẹ́ kí o sáré wọ ilé tí n kò yàn, nítorí pé èmi wà nínú rẹ̀. Bí o bá wádìí ara rẹ, tí o rí i pé ìwọ gan-an lo fẹ́ máa kọ́ ọmọdé, máa bọ̀, a ó jọ pín ṣọ́ọ̀kì. Kí ó ṣáà ti jẹ́ ìwọ lo yàn án.

Ní ti àwọn ọmọkùnrin yín, di màlúù mú. Kò sí èsì mìíràn. Ní ti oúnjẹ, má fi ebi pamọ́ fún àwọn ọmọ ilé wa tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ọmọ tó bá ṣípá rẹ̀ sókè nìyá rẹ̀ ń gbé. Máa lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Máa wọ súwẹ́tà tí mo rà fún ọ ní Àjàṣẹ́, mo mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ kò wù ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ tí o lọ, o bi mí ní èbúté pé, "Màámi, ṣé Màmá Àgbà ń bínú sí mi ni?" torí wọn kò sin ọ́ wá. Mo ní ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ wọ ẹ̀yìn èèsún tí n kò rí ọ mọ́, mo padà sílé, mo bá wọn nínú yàrá. Wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ká etí ìró wọn, wọ́n sì fi dí ẹnu ara wọn, omi ń dà lójú wọn. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Wọ́n yọ aṣọ lẹ́nu, wọ́n ní, "Ṣé ó ti lọ?" Mo ní ó ti lọ. Wọ́n ní, "Ọkọ̀ kò padà?" Mo ní kò padà.

Wọ́n wá ní, "Ẹnu mi ni mo ń bẹ̀rù. Màúsí, o kò gbàgbé ìdì yẹn lọ́jọ́ ọjọ́un. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò nínú ẹrù rẹ nígbà tí o ń kí bàbá rẹ. N kò mọ̀ pé atukọ̀ kò ní gbé ọ mọ́. Mo kàn fẹ́ rí nǹkan tí màá fi pè ọ́ ni, kí o lè yíjú sí mi lẹ́ẹ̀kan sí i."

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti rò pé orí mi ló gbàgbé ìdì. Mo jókòó tì wọ́n lórí ẹní. Mo wá ìbínú kiri inú mi, n kò rí i, torí pé ní etí omi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, orúkọ rẹ ti dé ẹ̀yìn eyín èmi náà. Díẹ̀ ló kù. Ká ní o yíjú padà ni, ǹ bá pè ọ́.

Ìdí tí lẹ́tà rẹ fi bà mí lẹ́rù nìyẹn, ọmọ mi. O wà lórí omi, o wá yíjú padà, o sì ń bẹ̀ mí pé kí n pè ọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo ń sunkún bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì rí èbúté náà kedere. Èmi kò ní pè ọ́, Sẹ̀nàmi. Bí o bá wá fúnra rẹ, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, ẹ̀bà ẹni mẹ́ta wà nínú ìkòkò lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn mi kọ́ ló máa yí ọkọ̀ rẹ padà.

Àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ń lọ sílé nítòsí yín ní ilẹ̀ Hausa ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Ìdì kan wà pẹ̀lú rẹ̀: ẹja gbígbẹ, gàrí, àti ìgò àdín àgbọn kan fún ètè rẹ tó là. Màmá Àgbà kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án, àwọn fúnra wọn ló dì í, tí wọ́n so okùn rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n bá wọn sọ fún ọ. Wọ́n fa okùn ìdì náà le lẹ́ẹ̀kan sí i.

Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé o kò gbàgbé nǹkan kan sílé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Màúsí.